Ìkíni tí Màmúdù Kọ́ Kúbúrá

"Ẹṣin Ìlọrin mọ́kànlá ni mo ti kọ́ tí wọ́n fi mọ ìjánu. Kí ló wá le nínú ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí kò ní pátákò?"

Màmúdù ló sọ bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn ìrun Láásàrì ọjọ́ Àìkú, lójú gbogbo agbo ilé wọn ní Bẹ́yẹrúnkà. Ó fọwọ́ gbá àyà. Ó gbá a débi pé ikọ́ mú un. Ó wúkọ́ tán, ó tún bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, Kúbúrá á kúnlẹ̀ níwájú Mọ́gàjí, á kí wọn bí ọmọ gidi ṣe ń kíni. Kò ní ké, kò ní sá, kò ní gé ẹnikẹ́ni jẹ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má pè mí ní Ẹlẹ́ṣin mọ́. Ẹ máa pè mí ní Aládìẹ."

Sẹ̀gilọlá, ìyàwó rẹ̀, ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò gbójú sókè. "Adìẹ náà ní ìwà tirẹ̀ o, Bàbá Gàfárù," ló wí.

Ohun tó fa ìlérí nìyí. Lọ́jọ́ Iléyá, Mọ́gàjí Àkíbù tó jẹ́ olórí ẹbí wọn wá kí agbo ilé. Àwọn ọmọdé tò, Mọ́gàjí ń gbé ọwọ́ lé wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣàdúrà. Àdúrà Mọ́gàjí gùn. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, á di ojú méjèèjì, àwọn tó mọ̀ ọ́n á sì ti wá ibi fẹ̀yìn tì. Nígbà tó kan Kúbúrá, ọwọ́ Mọ́gàjí balẹ̀ lórí rẹ̀ gbì. Kúbúrá kígbe. Mọ́gàjí rò pé àdúrà ló ń wọ ọmọ lára, ó bá tún tẹ ọwọ́ mọ́ ọn. Kúbúrá gé e jẹ.

Ojú eyín mẹ́rin ló hàn ní àtàǹpàkò Mọ́gàjí. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ní mẹ́fà ni.

Ẹbí jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní kí wọ́n gbé ọmọ lọ sí oko wọn lọ́nà Ẹ̀rúnmu, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n Mọ́gàjí obìnrin, ìyá kan tó gbà pé kò sí àìsàn tí pàṣán kì í wò. Wọ́n ní ibẹ̀ ni kó wà títí tó fi máa mọ èèyàn kí. Àtọ́kẹ́, ìyá Kúbúrá, kúnlẹ̀ débi pé orúnkún rẹ̀ bó. Ọkọ rẹ̀, àbúrò Màmúdù, wà ní Kánò níbi tó ti ń ta obì, kò sí ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀. Kúbúrá nìkan ni Ọlọ́run fún un. Mọ́gàjí wá rọ̀ díẹ̀. Ó ní, "Màá wá lọ́jọ́ Jímọ̀, bí a bá kírun tán. Bó bá kí mi bó ṣe yẹ, ó dúró. Bí kò bá kí mi, àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ń lọ."

Kúbúrá fúnra rẹ̀ ń kọ́? Kò ya odi, kò ya dìndìnrìn. Ohun tó ń ṣe é ni pé gbogbo nǹkan ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ jù. Odó tí wọ́n ń gún ní ilé kẹta, inú etí rẹ̀ ni wọ́n ti ń gún un. Ojú ibi tí wọ́n ti rán bùbá ń gún un lára, nítorí náà ó ń wọ aṣọ ní òdì, ẹ̀yìn rẹ̀ síta. Ẹ̀kọ tútù ló ń jẹ, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Bí o bá bi í ní ìbéèrè lónìí, ó lè jẹ́ ọ̀la ni á dá ọ lóhùn, nígbà tí ìwọ ti gbàgbé ohun tí o bi í. Kì í wo èèyàn lójú. Kì í kí ẹnikẹ́ni.

Ìyá rẹ̀ ń rẹ aṣọ láró. Ìkòkò aró mẹ́sàn-án ló tò sí ẹ̀yìn ilé, Kúbúrá ló sì ń ṣọ́ wọn. Bó bá ń ro aró, ara rẹ̀ á balẹ̀ pẹ̀sẹ̀, á máa kùn bí oyin, á máa rẹ́rìn-ín sí ìfófò. Lọ́jọ́ tí ìkòkò kẹfà fọ́, tí ìyá rẹ̀ sáré gbé tuntun sí ipò rẹ̀, Kúbúrá gbá orí mọ́ ògiri láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Àtọ́kẹ́ gbé tuntun náà kúrò, ó fi ààyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ọmọ bá dákẹ́. Ìkòkò mẹ́jọ ló kù, àmọ́ ààyè mẹ́sàn-án ni wọ́n ń gbá láràárọ̀. Ẹni tó bá bi Àtọ́kẹ́ léèrè, á ní, "Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ìkòkò ọmọ mi kan ló rìnrìn àjò."

Ọmọ tí Màmúdù fẹ́ fi ọjọ́ márùn-ún kọ́ nìyẹn.

Ọjọ́ Àtìní ló bẹ̀rẹ̀. Ó ní ẹṣin tó bá ń bẹ̀rù èrò, àárín èrò gan-an là ń mú un lọ. Ó di ọmọ lọ́rùn ọwọ́ mú, ó ní ó di Ọjà'ba, wọ́n á kí gbogbo ọlọ́jà láti ìsàlẹ̀ Òkè Màpó títí dé ibi tí ọjà parí sí.

Àtọ́kẹ́ sáré tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà. "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á lọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ sọ ibi tí ẹ ń lọ fún un."

"Ìyàwó, ṣé o ti kọ́ ẹṣin rí?"

"Rárá, ọkọ mi."

"Ẹn-ẹ́n. Dákẹ́."

Wọ́n dé ọjà. Àwọn kan ń pariwo ẹran, àwọn kan ń pariwo iyọ̀, alágbẹ̀dẹ ń lu irin, ewúrẹ́ ń ké. Kúbúrá fi ọwọ́ di etí. Màmúdù fa ọwọ́ náà kúrò létí, ó ní, "Kí Ìyá Onígbá." Kúbúrá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì figbe ta. Irú igbe náà! Àwọn ẹyẹlé tó wà lórí òrùlé gbéra, wọn ò padà wá títí di ìrọ̀lẹ́. Màmúdù ń fà á lọ́wọ́ kan, ọmọ ń di ilẹ̀ mú lọ́wọ́ kejì.

Ìyá Onígbá dìde. Obìnrin náà ga, ó sì fẹ̀. "Ìwọ ọkùnrin yìí, ọmọ ta nìyẹn?"

"Ọmọ mi ni!"

"Ọmọ rẹ, lo wá ń fà bí ẹran ìbọ?" Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀. "Ọmọ dáadáa, ṣé bàbá rẹ nìyí?"

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ọmọ wo ní gbogbo Ìbàdàn ni wọ́n máa nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tí wọ́n bi í bẹ́ẹ̀, tí kò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ ni? Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni wọ́n bi Kúbúrá, òtítọ́ ló sì sọ.

"Rárá," ló wí.

Nígbà tó fi máa sọ ìyókù, pé bàbá òun wà ní Kánò, pé ẹ̀gbọ́n bàbá òun lèyí, ọjà ti gba Màmúdù lọ́wọ́ ara rẹ̀. Kò tíì pẹ́ tí ogun parí, ojú àwọn èèyàn kò tíì kúrò lára gbọ́mọgbọ́mọ. Ìyá Onígbá ló kọ́kọ́ lẹ ẹ̀ṣẹ́ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ẹnìkan ṣí i ní fìlà. Ẹnìkan da omi gaàrí lé e lórí, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tí omi gaàrí ń wá nínú ìjà.

Kúbúrá dìde, ó gbọn ìdí, ó gba ọ̀nà tó mọ̀, ó délé. Màmúdù dé lẹ́yìn rẹ̀ pẹ́ tó pẹ́, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, orí rẹ̀ ń dán nínú oòrùn.

"Bàbá Gàfárù, fìlà yín dà?" ni Sẹ̀gilọlá bi í.

"Mo fi ṣe sàráà," ni Màmúdù wí.

Ní ọjọ́ Àtàláátà, kò jáde. Ó dojú bolẹ̀ lórí ẹní, Sẹ̀gilọlá ń fi òrí pa á lẹ́yìn.

"Bàbá Gàfárù, mo ń rántí ẹṣin pupa kan. Èyí tó ju jagunjagun mẹ́ta mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó mú un wá fún yín. Báwo lẹ ṣe kọ́ ọ?"

Ojú Màmúdù là. "Hà! Ẹṣin yẹn! Odindi ọjọ́ méje ni n kò fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń dúró sí, n kò ní wò ó lójú, torí ojú gan-an ní ń bí ẹṣin nínú. Àkókò kan náà, igbá omi kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà. Ọmọdé kì í pariwo nítòsí. Nígbà tó tó àkókò gàárì, mo kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ fún un kó gbóòórùn rẹ̀, kó mọ ohun tó ń bọ̀ kó tó dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ń fipá fa ẹṣin, òmùgọ̀ ni."

Sẹ̀gilọlá kan òrí sí i. "Kí lẹ pe ẹni náà?"

"Mo ní òmùgọ̀ ni."

"Ẹn-ẹ́n."

Màmúdù gbé orí sókè lórí ẹní.

"Sẹ̀gilọlá."

"Bàbá Gàfárù."

"Ṣé ọmọ èèyàn lò ń fi wé ẹṣin?"

"Ẹ̀yin lẹ fi wé e lọ́jọ́ Àìkú. Èmi ń fi òrí pa yín lẹ́yìn ni."

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àlàárùbá mọ́, Màmúdù ká ẹní rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ilé. Ó tẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró, ó fẹ̀gbẹ́ kan kọ Kúbúrá, ó wojú ògiri. Kò sọ nǹkan kan. Àtọ́kẹ́ rí i, ó rò pé lílù tí wọ́n lù ú lọ́jà ti dé orí. Oòrùn gòkè, Màmúdù kò mira. Eṣinṣin bà lé e nímú, ó fi í sílẹ̀.

Lọ́sàn-án, Kúbúrá sọ̀rọ̀. "Bàbá Ẹlẹ́ṣin."

Inú Màmúdù dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yíjú. Ó ká ara rẹ̀ lọ́wọ́ kò. "Mò ń gbọ́, ọmọ mi."

"Ààyè ìkòkò kẹfà lẹ jókòó sí."

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ní ilé yìí kan náà, ẹni tó bá jókòó sórí ẹní Màmúdù láìbi í, Màmúdù kì í jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí igbá tí wọ́n fi bu omi fún un bá yàtọ̀ sí tirẹ̀, á ní òùngbẹ kò gbẹ òun mọ́. Ẹnikẹ́ni kò sì sọ pé kí wọ́n gbé e lọ sóko. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, ó dìde, ó ká ẹní, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Kúbúrá ro aró díẹ̀. "Kí ni Mọ́gàjí máa ṣe lọ́jọ́ Jímọ̀?"

"Wọ́n máa wá sílé."

"Láti ibo?"

"Láti mọ́sálásí."

"Ẹnu ọ̀nà wo ni wọ́n máa gbà?"

"Ti iwájú."

"Ẹsẹ̀ wo ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé wọlé?"

Òógùn bo Màmúdù. Ó ronú. "Ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni mùsùlùmí fi ń wọlé."

"Lẹ́yìn náà?"

"Wàá kúnlẹ̀, wàá ní ẹ kú ọjọ́ Jímọ̀, Bàbá. Wọ́n á bi ọ́ pé ṣé àlàáfíà lo jí, pé ìyá rẹ ń kọ́, èmi ń kọ́, ilé ń kọ́. Wàá ní a dúpẹ́."

"Bí kò bá sí àlàáfíà ń kọ́?"

"A dúpẹ́ náà ni."

"Irọ́ nìyẹn."

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ yìí láti ọ̀sán títí ladáànì fi ké. Màmúdù ṣàlàyé, ó tún un ṣe, ó fi ọwọ́ sí i. Ebi ń pa á, ẹ̀yìn ń dùn ún, ìrun ń sún mọ́. Nígbà tó sú u, ó ní, "Ó dáa! Dá wọn lóhùn bí nǹkan ṣe rí. A kì í parọ́ fún Mọ́gàjí."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

Ó na ọwọ́ sí kẹ́tùlù láti ṣe àlùwàlá. Ohùn ọmọ tún dé lẹ́yìn rẹ̀, ó kéré ju ti tẹ́lẹ̀.

"Ṣé wọ́n máa gbé ọwọ́ lé mi lórí?"

Màmúdù dúró. Ọmọ náà ti dẹ́kun àti máa ro aró. Ó di igi tó fi ń rò ó mú.

"Wọn ò ní gbé e."

"Ṣé ẹ ti sọ fún wọn?"

"Màá sọ fún wọn."

"Nígbà wo?"

"Kí ọwọ́ tó dé."

Láti ìgbà tí Àkíbù ti jẹ Mọ́gàjí, kò sí ẹni kan nínú ẹbí tó sọ "ẹ má ṣe" fún un rí. Màmúdù kò sùn dáadáa mọ́ lẹ́yìn ìlérí yẹn.

Ní Àlàmísì, wọ́n fi í dánra wò. Sẹ̀gilọlá ló ṣe Mọ́gàjí, ó di ìrọ̀rí mọ́ ikùn, ó ń wú ikọ́ bí ẹni tó ní ilé mẹ́rin. Ìgbà àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ òsì ló fi wọlé. Kúbúrá ní kó padà síta. Ó padà wọlé, ó sọ̀rọ̀ kó tó jókòó. Kúbúrá ní kó padà síta. Nígbà tó di ìgbà keje, Mọ́gàjí tú ìrọ̀rí sílẹ̀, ó ní òun fi oyè sílẹ̀. Kúbúrá rẹ́rìn-ín. Àtọ́kẹ́ tó ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà sáré wọ yàrá lọ, kí ọmọ má bàa rí ojú rẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Mọ́gàjí ń bọ̀ láti mọ́sálásí pẹ̀lú àgbàlagbà márùn-ún lẹ́yìn. Oyèdélé wà lára wọn, ẹni tí kì í kọjá níbi tí ọ̀rọ̀ bá wà. Màmúdù ti fi fìlà Gàfárù, ọmọ rẹ̀, bo orí; fìlà náà kéré, ó jókòó ṣóńṣó bí ìdérí ìgò. Ó sáré pàdé wọn lọ́nà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kékeré kan wà nípa ọwọ́ yín..."

"Ó ti ń san, Màmúdù. A dúpẹ́."

"Kì í ṣe àtàǹpàkò, Bàbá, odindi ọwọ́..."

"Bí a bá ṣàdúrà tán."

Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Mọ́gàjí ń bá Oyèdélé sọ̀rọ̀, kò wo ilẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì.

"Ọ̀tún!" Màmúdù figbe bọnu.

Mọ́gàjí rò pé ejò ni, ó fò sókè. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fi balẹ̀ nínú ilé. Oyèdélé ti gun orí odó.

Kúbúrá jáde láti ẹ̀yìn ilé. Bùbá rẹ̀ wà ní òdì, ó sì mọ́ tónítóní. Ó rìn dé àárín agbo ilé, ó kúnlẹ̀, ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

"Ẹ kú ọjọ́ Jímọ̀, Bàbá."

Àtọ́kẹ́ fi eyín di etí ìró mú. Mọ́gàjí wo ọmọ náà, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Ó di ojú méjèèjì. Ó gbé ọwọ́ sókè.

Màmúdù ya ẹnu. "Ẹ má ṣe" dé ọ̀nà ọ̀fun, ó há síbẹ̀. Ọwọ́ ń sọ̀ kalẹ̀. Màmúdù ju fìlà nù, ó dọ̀bálẹ̀, ó fi orúnkún fà, ó ti orí ara rẹ̀ bọ abẹ́ ọwọ́ Mọ́gàjí. Ọwọ́ balẹ̀ gbì.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni Mọ́gàjí bẹ̀rẹ̀, "Ọlọ́run á fún ọ ní ọkọ rere."

"Àmín," ni Màmúdù wí pẹ̀lú ohùn tẹ́ẹ́rẹ́.

"O ò ní yàgàn."

"Àmín."

"Ìbejì ni wàá fi ṣáájú. Ọmú rẹ á kún fún wàrà."

Sẹ̀gilọlá ní, "Àmín, láṣẹ Ọlọ́run," ó sì ki ìborùn bọ ẹnu.

Mọ́gàjí fọwọ́ tọ́ orí náà wò. "Orí ọmọ yìí tóbi," ló wí. Ó la ojú.

"Màmúdù!"

"Bàbá."

"Kí lò ń wá lábẹ́ ọwọ́ mi?"

"Àdúrà ni, Bàbá. Mo sì ti gbà á." Màmúdù wà lórí ìkúnlẹ̀ síbẹ̀. "Ẹ má bínú sí mi. Mo ṣèlérí fún ọmọ yìí pé ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án lórí. Kì í ṣe àfojúdi. Ó ń dùn ún ni. Bó ṣe ń dun àwa bí wọ́n bá fi iná kàn wá, bẹ́ẹ̀ ló ń dun òun. Ẹ bi í wò."

Mọ́gàjí wo àtàǹpàkò rẹ̀. Ó wo Kúbúrá. "Kúbúrá. Kí ló dé tí o fi gé mi jẹ?"

"Ẹ kò sọ fún mi pé ẹ ń bọ̀ wá sórí mi. Mo kígbe, ẹ kò gbé ọwọ́ kúrò. Ẹ tún tẹ̀ mí sí i. Eyín nìkan ló kù."

Àwọn àgbàlagbà wo ara wọn. Bí a bá da ọ̀rọ̀ náà rò, kò sí ibi tó ti wọ́. Mọ́gàjí jókòó. Ó ní kí àwọn jẹ́ kí ìkíni náà parí bó ṣe yẹ.

"Ṣé àlàáfíà lo jí?"

"Rárá. Inú ń run mí láti àná, nítorí pé ẹ ń bọ̀."

"Ẹn... ìyá rẹ ń kọ́?"

"Wọ́n ń sunkún. Wọ́n ti di ẹrù mi sílẹ̀, wọ́n tú u, wọ́n tún dì í. Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Wọ́n rò pé mo ti sùn."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Àtọ́kẹ́ yí ojú sí ògiri. Mọ́gàjí wúkọ́, ó sáré bọ́ sórí èyí tó rọrùn.

"Bàbá rẹ Màmúdù yìí ń kọ́?"

"Ẹ̀yìn ń dùn wọ́n. Ìyá Onígbá lù wọ́n ní Ọjà'ba. Wọn kò fi fìlà wọn ṣe sàráà. Wọ́n ṣí i lórí wọn ni."

Ẹ̀rín bú jáde! Oyèdélé tún fẹ́ gun orí odó. Mọ́gàjí rẹ́rìn-ín, ó di ìhà mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Màmúdù ń wá ibi tí ilẹ̀ ti là, kò rí. Ẹ̀rín yẹn dùn mọ́ Mọ́gàjí débi pé ó ń nu ojú lọ́wọ́, ó fi ẹnu kan náà béèrè èyí tó kù, bí gbogbo wa ṣe máa ń béèrè rẹ̀ láì retí ìdáhùn.

"Ilé wá ń kọ́?"

"Òrùlé ẹ̀yìn ilé ń jò," ni Kúbúrá wí. "Àwọn ará oko fi kòkó wọn ra páànù wá kí ẹ fi kàn án. Mo kà á lórí àwọn alárù, mẹ́rìnlélógún ni. Ọ̀kan tẹ̀ ní igun. Nígbà tí a lọ ra òwú ní Òjé, mo rí i lórí ilé ìyàwó yín kékeré. Mẹ́rìnlélógún ni. Ọ̀kan tẹ̀ ní igun."

Adìẹ kan ń bọ̀ láàárín wọn, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó padà síbi tó ti wá.

Oyèdélé rántí pé ilé òun ló wà ní ẹ̀yìn. "Mọ́gàjí, ẹ jẹ́ kí a tún bi í..."

"Ẹ má bi í ní nǹkan kan mọ́!" ni Mọ́gàjí wí.

Sẹ̀gilọlá ló kúnlẹ̀ báyìí, ohùn rẹ̀ bí àdí tó yọ́. "Bàbá, ìbéèrè kan ni tèmi o. Ṣé kí a máa gbé ẹrù ọmọ náà síta fún ìrìn àjò ọ̀la? Àwọn ará oko á ti máa retí rẹ̀. Bó bá sì ti ń dé, ẹ mọ ìṣe wa, wọ́n á bi í pé ilé ń kọ́."

Mọ́gàjí wò ó. Ó wo òrùlé. Ó wo àwọn àgbàlagbà máràárùn-ún, àwọn náà ń wo òrùlé.

"Oko wo?" ló wí. "Ta ló ń sọ̀rọ̀ oko? Ibi tí ẹ̀fọn pọ̀ sí bẹ́ẹ̀, ṣé ibẹ̀ là ń rán ọmọbìnrin lọ? Mo ní bó bá kí mi, ó dúró. Ó kí mi, àbí kò kí mi?"

"Ó kí yín!" ni gbogbo ilé dáhùn. Ohùn Àtọ́kẹ́ ló ròkè jù.

"Ó dúró nìyẹn. Ẹ̀yìn ilé náà... a ó bẹ̀rẹ̀ sí kàn án lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́."

"Mẹ́rìnlélógún," ni Kúbúrá wí.

"Mo gbọ́."

Àtọ́kẹ́ jókòó síbi tó wà, ó ń fi ìró nu ojú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ariwo wá sọ. Màmúdù gbá àyà, ó ní ṣé òun kò sọ ọ́, ṣé òun kò sọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú, ẹṣin méjìlá ló di báyìí. Mọ́gàjí ní kí wọ́n má gbàgbé o, àdúrà òun ti ọjọ́ Iléyá ló kàn pẹ́ kó tó gbà. Oyèdélé ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọmọ náà lòun ti rí ọgbọ́n lójú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wo òun lójú rí. Sẹ̀gilọlá ní kí wọ́n bi òrí léèrè. Àwọn aládùúgbò gba ẹnu ọ̀nà wọlé, oníkálukú ń sọ ipa tirẹ̀, wọ́n ń sún mọ́ ọmọ, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Kúbúrá ti dìde. Ó ń mì síwá, ó ń mì sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

Mọ́gàjí rí i. Inú rẹ̀ ti rọ̀, ó sì fẹ́ kí wọ́n fi nǹkan rere rántí òun lọ́jọ́ náà. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó rántí, ó sọ ọ́ kalẹ̀. "Ẹ dákẹ́! Kúbúrá, ọmọ mi, sọ ohun kan tí o fẹ́ kí gbogbo wa ṣe fún ọ lónìí. Ohun yòówù kó jẹ́, a ó ṣe é."

Gbogbo wọn dákẹ́. Olúkúlùkù ń ro ohun tó máa béèrè. Àwọn kan ti ń tọ́ àpò wò.

Kúbúrá yọ ọwọ́ kan kúrò létí.

"Kí gbogbo yín máa lọ."